Ìkọ́ pẹpẹ àti ẹ̀rọ tó ń dá rádíéṣọ̀n mọ̀: ta ló ni ọgbọ́n inú wọn?

Ìbéèrè kan ń jà ràn-ìn láàrin àwọn wẹ́dà àti káfíńtà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá látìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ti ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn sórí Facebook àti TikTok. Bí mo bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, kí ni kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì wo fídíò mi, kó ṣe irú ẹ̀, kó sì máa tà á? Ìbéèrè kejì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ síta: èmi tí mo wo fọ́tò láti Ṣáínà, tí mo sì ṣe tèmi, ṣé wọn ò ní gbé mi lọ sí kóòtù?

Ọ̀rọ̀ páténtì ni méjèèjì. Páténtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó gbé ọgbọ́n tuntun jáde, pé fún ọdún díẹ̀, òun nìkan ló láṣẹ láti máa fi ọgbọ́n náà ṣòwò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń wọ aṣọ funfun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tó ń gbé pẹpẹ ró ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí èèyàn lè sún sókè sún sísàlẹ̀, ní páténtì. Ẹ̀rọ tó ń dá rádíéṣọ̀n mọ̀, ìyẹn ìtànṣán tí ojú kò rí tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, náà ní páténtì. Ìwọ̀n kan náà lòfin fi ń wọn àwọn méjèèjì, ìdí nìyí tí mo fi mú wọn pọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ pẹpẹ. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ó yọ fóònù jáde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe irú èyí, àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ pé mo lè máa sún un.” Nǹkan mẹ́ta ló ń béèrè: òpó irin tí wọ́n ti lu ihò sí lára látòkè délẹ̀, apá irin tó ní ìkọ́ méjì tàbí mẹ́ta nídìí, àti pákó tàbí páànù tí yóò jókòó lórí apá náà. Wọ́n á ki ìkọ́ bọ ihò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á há síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki í bọ ihò mìíràn. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí sípánà.

Ó rọrùn lójú, àmọ́ ẹ wo bí ìwúwo ṣe ń ṣe é. Ká ní apá kan gbé ẹrù 20 kg, tí àárín ẹrù náà sì jìnnà sí òpó ní sẹ̀ǹtímítà 20. Nísàlẹ̀, ìdí apá náà á máa ti òpó. Lókè, ìkọ́ á máa fà á. Bí àlàfo láàrin ìkọ́ òkè àti ibi tí ìdí ti ń ti òpó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 péré, fífà tí ìkọ́ yẹn ń fara dà tó ti ẹrù 80 kg. Ẹ sọ àlàfo náà di 10, ó já sí 40. Ẹni tó bá ti rí pẹpẹ mílíìkì tó kọrí síwájú títí agolo fi ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti rí ìṣirò yìí lójúkojú: wọ́n fi páànù fẹ́lẹ́ gé ìkọ́, wọ́n tún gé e kúrú. Ìṣòro kejì ni pé ohun tó rọrùn láti gbé sókè lè ṣèèṣì gbéra. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ pẹpẹ, ó fi orí gbá a, ìkọ́ yọ.

Orí irú ìṣòro kéékèèké báyìí ni ọ̀pọ̀ páténtì pẹpẹ dá lé. Ẹnì kan fi ahọ́n irin kékeré kan sí i tó ń ti ìkọ́ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì gé ìkọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń há sí i. Ẹlòmíì wá ọ̀nà tí èèyàn fi lè sún pẹpẹ pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lè sọ pé òun ló ni pẹpẹ tó ṣeé sún. Ohun tí ó ni kò ju ahọ́n tàbí ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn lọ.

Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rù páténtì ti máa ń ṣìnà nìyí. Bí ẹ bá ṣí ìwé páténtì, ẹ máa rí àwòrán, ẹ máa rí àlàyé gígùn, àmọ́ apá tó ń mú èèyàn dé kóòtù ni àwọn ìpínrọ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà sí níparí, níbi tí olùpilẹ̀ṣẹ̀ ti la ààlà sọ pé “ohun tí mo ń sọ pé ó jẹ́ tèmi nìyí”. Èdè ibẹ̀ le, gbólóhùn kan lè gba ìdajì ojú ìwé. Ẹ fara balẹ̀ kà á bí ẹ ṣe máa ka ìwé ilẹ̀. Bí ààlà bá sọ pé òpó, apá, ìkọ́ méjì àti ahọ́n tó ní sípíríǹgì, tí tiyín kò sì ní ahọ́n tàbí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ahọ́n, ẹ kò tíì wọnú ilẹ̀ onílẹ̀.

Àgbà páténtì wà tó ti di ti gbogbo ayé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Demetrius Comino, ọmọ Gíríìkì tí wọ́n bí ní Ọsirélíà, ní ilé ìtẹ̀wé ní London. Ó sú u pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tún pẹpẹ ibẹ̀ tò, wọ́n á já pákó, wọ́n á sì dà á nù. Ó ronú áńgùlù irin tí wọ́n lu ihò sí látòkè délẹ̀, tí èèyàn lè gé, kó fi bóòtù so, kó tún tú, kó tún fi ṣe nǹkan mìíràn. Ní 1947 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, ó pè é ní Dexion. Lónìí, áńgùlù oníhò wà káàkiri, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìluhò sì lè ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ihò inú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn káfíńtà ń ki píìnì bọ̀ kí wọ́n tó gbé pákó lé e: nínú ìlànà àwọn ará Yúróòpù, ihò náà fẹ̀ ní mílímítà 5, ìkan sì jìnnà sí èkejì ní mílímítà 32. Káfíńtà tó bá tẹ̀lé ìwọ̀n yẹn, píìnì tó bá rà lọ́jà láti ibikíbi á wọlé. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ káfíńtà wa fi ṣì ń fojú díwọ̀n ẹ̀.

Ẹ̀rọ rádíéṣọ̀n wá ńkọ́? Òfin Nàìjíríà sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì níhìn-ín: ohun tí èèyàn ṣàwárí lára ayé bí Ọlọ́run ṣe dá a, àti ìlànà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lásán, kò ṣeé gba páténtì lé lórí. Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì ní 1895, Henri Becquerel rí i ní Faransé lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé òkúta yuréníọ̀mù ń dọ́gbẹ́ sára gíláàsì fọ́tò tí wọ́n fi bébà dúdú wé. Kò sí òfin tó máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ pé ìtànṣán jẹ́ tòun. Röntgen tiẹ̀ kọ̀ láti gba páténtì lórí iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ̀rọ tí èèyàn fi ọgbọ́n orí ṣe láti dá ìtànṣán náà mọ̀, ó ṣeé gba páténtì lé, bí ìkọ́ pẹpẹ ṣe ṣeé gbà á lé.

Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ní 1928, Hans Geiger àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Walther Müller ṣe ọ̀pá kan ní Jámánì: afẹ́fẹ́ gáàsì wà nínú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín la àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fún un ní iná tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì. Bí ìtànṣán bá gba inú gáàsì kọjá, á gbá iná kéékèèké jáde lára rẹ̀; ìwọ̀nyí á sáré lọ sára wáyà, wọ́n á tún gbá òmíràn jáde lójú ọ̀nà, títí á fi di agbo. Ẹ̀rọ á dún “tà”. Bí rádíéṣọ̀n bá pọ̀, ó di tà-tà-tà-tà bí ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú agbada. Irú kejì ń lo kírísítálì tó ń tàn fìrì bí ìtànṣán bá bà á. Hal Anger ní Amẹ́ríkà fi irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ ṣe kámẹ́rà tó ń ya ibi tí oògùn onírádíéṣọ̀n dé nínú ara aláìsàn, wọ́n sì fún un ní páténtì lórí rẹ̀ ní 1961. Lásìkò yẹn, ọdún 17 ni páténtì Amẹ́ríkà ń lò. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Irú kẹta ni báàjì tó yẹ kó wà láyà gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń ya X-ray, yálà ní OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣágámù ni o, yálà ní ilé ìwòsàn aládàáni tó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kò dún, kò sì tàn. Ègé lítíọ̀mù fúlóráìdì kékeré kan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tó ń kó ipa rádíéṣọ̀n jọ. Lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta, wọ́n á kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná gbóná yá a; ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn jáde ni wọ́n fi ń mọ iye tó ti wọ ara òṣìṣẹ́ náà. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá fún òṣìṣẹ́ jẹ́ millisievert 20 lọ́dún (òṣùwọ̀n rádíéṣọ̀n tó wọ ara nìyẹn), bí wọ́n bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba. Ti ará ìlú jẹ́ 1. Báàjì tí wọ́n bá kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, inú sì bí ìjọba Nàìjíríà débi pé wọ́n já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1961. Ní 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ rádíéṣọ̀n sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn, ibi tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú rárá. Òfin tó dá àjọ NNRA sílẹ̀, tó ń ṣàkóso gbogbo ohun tó bá ní rádíéṣọ̀n nínú ní Nàìjíríà, jáde ní 1995.

Ní Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ náà kan Ògijo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin kọ̀ńdẹ́mù. Irin tí àwọn ọmọ bọ́là kó jọ láti ibi gbogbo ló ń bọ́ sínú iná, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà láàrin rẹ̀. Mi ò sọ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní Ògijo o. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì ni mo ń sọ. Ní Mẹ́síkò, ní ìparí 1983, kóbáltì 60, irin onírádíéṣọ̀n tó wà nínú ẹ̀rọ ìwòsàn àtijọ́, bọ́ sọ́wọ́ oníkọ̀ńdẹ́mù, wọ́n yọ́ ọ mọ́ irin, ó sì di irin ìkọ́lé àti ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sí ẹni tó mọ̀, títí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé irú irin bẹ́ẹ̀ fi gba iwájú ẹ̀rọ adárádíéṣọ̀n-mọ̀ kọjá ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà, ní January 1984, tí ẹ̀rọ náà sì ké. Ní Goiânia ní Bìràsílì ní 1987, ilé ìwòsàn tí wọ́n pa tì ni wọ́n ti kó ohun onírádíéṣọ̀n tiwọn. Èèyàn mẹ́rin kú. Àwa náà ní tiwa: ní December 2002, wọ́n jí ohun èlò onírádíéṣọ̀n tí àwọn awakọ̀ǹga epo ń lò ní Niger Delta, Jámánì ni wọ́n ti wá rí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàrin irin kọ̀ńdẹ́mù.

Kí n là á kí ó má baà dàrú mọ́ wa lójú: ìròyìn òjé tó jáde nípa Ògijo ní 2025, ti àwọn tó ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó, ọ̀tọ̀ ni. Òjé kì í ṣe rádíéṣọ̀n. Ẹ gbé ẹ̀rọ Geiger síwájú ọmọ tí òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní dún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ìyẹn hàn.

Kí ló wá kan páténtì nínú èyí? Ó kàn án báyìí: ọ̀pá Geiger àti kírísítálì tó ń tàn ti kọjá ọjọ́ orí páténtì, iléeṣẹ́ tó bá ń yọ́ irin lè ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ ẹ̀lẹ́kíròníìkì ní Ago-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn lè kọ́ irú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé páténtì àwọn òyìnbó ni kò jẹ́ ká ní i, kì í ṣe òótọ́. Owó àti àìbìkítà ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ jù nìyí: páténtì kò ní ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà kò dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àfi bí olóhun bá tún gbà á ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n sì gbà níbí, ọdún 20 péré ni, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè, bí wọ́n bá ń san owó ọdọọdún déédéé; bí wọ́n bá dákẹ́ sísan, ó kú. Gbogbo ìwé wọ̀nyí sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí Google Patents àti Espacenet, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, pẹ̀lú àwòrán. Òfin ló fi dandan lé e pé kí olùpilẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ débi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á fi lè ṣe é. Wẹ́dà tó bá ní fóònù lè wo ọgbọ́n ìkọ́ pẹpẹ ọgọ́rin ọdún kó tó jẹun ọ̀sán. Ṣọ́ra o: ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà náà lọ tà nílẹ̀ tí páténtì náà ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ti di ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní ọgbọ́n tuntun. Òfin tó ń ṣàkóso rẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 1970. Ó ní kí ohun náà jẹ́ tuntun, kí ó ti inú ìronú jáde dípò kó jẹ́ ohun tí gbogbo oníṣẹ́ lè ṣe wẹ́rẹ́, kí ó sì wúlò fún iṣẹ́. “Tuntun” yìí le gan-an: bí ó bá ti hàn síta níbikíbi láyé, nígbàkigbà, kódà bó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fi hàn, kì í ṣe tuntun mọ́. Òfin fi àyè oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e lọ sí ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí. TikTok kò sí nínú rẹ̀. Fídíò tí ọmọ yín fi yangàn lọ́jọ́ Sátidé lè jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi fagi lé páténtì lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí Àbújá, sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òwò àti ìdókòwò, kí ẹ tó gbé kámẹ́rà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ní oṣù 12 láti béèrè ní orílẹ̀-èdè mìíràn bíi pé ọjọ́ kan náà lẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Àléébù ńlá kan wà lára òfin wa. Àbújá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé pé, bóyá owó wọlé. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọgbọ́n náà jẹ́ tuntun. Òfin sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tó gbà á ló gba ewu rẹ̀, ìjọba kò ṣe onídùúró. Nítorí náà, ẹnì kan lè gba páténtì lórí ìkọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe láti ìgbà Awólọ́wọ̀, kó wá fi ìwé náà halẹ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò. Ìwé náà yóò máa dán títí ẹnì kan yóò fi lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí níbòmíì láti fagi lé e. Mélòó nínú wẹ́dà ló ní owó lọ́yà? Lójú tèmi, apá yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe nínú òfin, kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ ìpolongo.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò náni tó bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó jẹ́ tuntun lára pẹpẹ yín bá jẹ́ bó ṣe rí lójú, òdòdó tí ẹ gé sára apá irin fún àpẹẹrẹ, ẹ lè forúkọ àrà náà sílẹ̀ fún ọdún 5, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tó fi máa pé 15. Àmọ́ àrà tó jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ló wà fún, irú bí ahọ́n tó ń ti ìkọ́, páténtì ló gbà á.

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní tiwọn lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń gbowó oṣù bá gbé ọgbọ́n jáde lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ni ín. Bí ìwádìí àti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò bá sí nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kàn lo irinṣẹ́ ibẹ̀, tàbí bí ohun náà bá já sí ohun bàǹtà-banta, òfin ní kí wọ́n fún un lówó tó tọ́ sí i lọ́tọ̀. Ẹ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín. NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì láti ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ku ìbéèrè ẹni tó ń bẹ̀rù. Ká ní ẹlòmíì gba páténtì ní Nàìjíríà lórí ìkọ́ tí ẹ ti ń ṣe tà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Ajé. Òfin kan náà ní kí ẹni tó ti ń ṣe ohun náà lọ́nà òtítọ́ ní Nàìjíríà kó tó di ọjọ́ tí ẹlòmíì kọ̀wé béèrè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ṣe é fún ilé ara rẹ̀, tí kò fi ṣòwò, kò ṣẹ̀. Àmọ́ ẹnu lásán kò lè jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù. Rìsíìtì tó ní déètì, orúkọ oníbàárà, fọ́tò iṣẹ́ tí fóònù kọ ọjọ́ sí: ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tí mo mọ̀, ara ògiri ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye owó sí, tí wọ́n á sì fi kíkùn tuntun pa á rẹ́ bí ọdún bá parí.